Akọ̀wé Baba, àti Àmì Abẹ́ Ọ

Bátìrì wẹ́wẹ́ méjì ni mo jẹ́ kó kú. Mo fẹ́ tètè sọ ọ́ jáde, nítorí Baba mi àgbà kì í gbọ́ tẹni tó bá ń yí ọ̀rọ̀ po. Bí o bá fọ́ àwo nílé rẹ̀, sọ pé o fọ́ àwo, kí o tó máa ṣàlàyé bí ilẹ̀ ṣe ń yọ̀. Ó dáa. Èmi Fúnkẹ́, ọmọ ọmọ rẹ̀, èmi ni mo jẹ́ kí bátìrì kú.

Akọ̀wé ni Baba sọ ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Àwọn èèyàn ti lo irú rẹ̀ rí kí fóònù tó gba iṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Èèyàn á fi igi ike tín-ín-rín kan kọ̀wé sójú gíláàsì rẹ̀, orúkọ ni o, ọjọ́ ìpàdé ni o, ohun tí kò bá fẹ́ gbàgbé ni o. Kàdúná ni Baba ti rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ti òkè òkun dé, nígbà tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, ó sì gbé e wálé wá sí Kàbà. Àléébù kan ni ẹ̀rọ náà ní. Bí bátìrì rẹ̀ bá kú tán, gbogbo ohun tí a kọ sínú rẹ̀ á lọ. Má rò pé ó sùn ni. Ó gbàgbé ni.

Ìyá ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ìyá ni ìyàwó Baba, ìyá tó bí ìyá mi, ọmọ Ayewa nílẹ̀ Bùnú. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, rọpárọsẹ̀ kọ lù ú, ó mú ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì mú ọ̀rọ̀ lọ. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ló kù sí i lẹ́nu: okun. Ìkíni wa nìyẹn, òun náà ni àwọn ará ìta fi ń pè wá. Okun ni Ìyá fi ń kíni, òun ló fi ń dúpẹ́, òun ló fi ń bẹ̀bẹ̀, òun náà ló sì fi ń bá wa wí, a kàn ń wo ojú rẹ̀ ká tó mọ èyí tó ń sọ.

Kí àìsàn yẹn tó dé, kò sí àárọ̀ kan tí Ìyá kì í kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá Baba kó fi oríkì kí i. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní díẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń mú un lọ sílé ọkọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń fi kún un fún àádọ́ta ọdún ó lé. Jẹ́jẹ́ ló ń kì í. Àwa ọmọ ilé ń gbọ́ ohùn, a kì í gbọ́ ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ ọyẹ́ kan, Baba jókòó tì í, ó ní kó máa sọ ọ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ ọ́ sínú Akọ̀wé. Kò sí ẹlòmíì tó mọ̀ ọ́n láyé yìí.

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn tí a sin Baba, Ìyá na ọwọ́ òsì sí dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀. Mo yọ Akọ̀wé síta. Ó tọ́ka sí i, ó tọ́ka sí fọ́tò Baba, ó wá fi ìka kan ẹnu mi. Ó fẹ́ kí n kà á lọ́jọ́ àdúrà ogójì, kí òun lè kí ọkọ òun lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó máa lọ. Mo tẹ ẹ̀rọ náà, kò dáhùn; láti ọjọ́ tí Baba ti kú, mi ò rántí pààrọ̀ bátìrì rẹ̀. Ìyá ń wò mí. Mo ní, "Ó wà níbẹ̀, Ìyá. Ẹ fọkàn balẹ̀." Irọ́ ni mo pa.

Bí Baba bá wà láyé, ì bá ti bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ẹ̀dà rẹ̀ dà?

Iṣẹ́ ìjọba ló ṣe ní Kàdúná, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń tọ́jú ìwé ilẹ̀. Òjò rọ̀ lọ́dún kan, òrùlé jò, rẹ́jísítà kan sì rẹ títí tí yíǹkì rẹ̀ fi di omi aró. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá arúgbó kan wá láti abúlé láti wo orúkọ ọkọ rẹ̀ tó ti kú nínú ìwé. Baba ló dúró níwájú rẹ̀ tó sọ fún un pé kò sí mọ́. Ó ní ìyá náà kò jà, kò sunkún, ó kàn ní "Tò, na gode," ó sì yí padà. Ìdúpẹ́ yẹn ló ń dun Baba títí ó fi kú. Láti ìgbà náà, méjì méjì ni gbogbo nǹkan rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ méjì, awò ojú méjì, ìwé ìgbéyàwó kan nílé, ẹ̀dà rẹ̀ kan lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀. Àní ìtàn rẹ́jísítà yìí gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń sọ ọ́ bó bá ti bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn kan náà ló sì fi ń kádìí rẹ̀: "Ohun tó bá wà níbì kan ṣoṣo, kò tíì wà."

Ọjọ́ tó bá ń pààrọ̀ bátìrì Akọ̀wé, ilé wa dà bí ilé ìdánwò. Ìṣẹ́jú kan péré lẹ̀rọ náà lè fara dà láìsí bátìrì nínú. Baba á to àwọn tuntun sórí aṣọ funfun, á bọ́ aago ọwọ́, á pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀, kí wọ́n má sì lu nǹkan kan. Ìyá á dá ọmọ odó dúró lórí iyán. Lọ́jọ́ kan, aládùúgbò wa wọlé ní àárín ìṣẹ́jú náà, ó kí wa, "Okun o," kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó kí wa lẹ́ẹ̀kejì. Ìyá ṣẹ́jú sí i, aládùúgbò náà rò pé wọ́n ń lé òun ni, ó bá bínú jáde. Ó tó oṣù kan kó tó tún yà sílé wa. Nígbà tí mo ní kí Baba lọ bẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ẹni tó bá kí mi nígbà tí mo ń pààrọ̀ bátìrì, kó lọ gba èsì lọ́wọ́ Ọlọ́run." Ó padà lọ bẹ̀ ẹ́ ṣá, ó mú iṣu mẹ́ta dání.

Èmi ni mo gbé kọ̀ǹpútà wọ ilé náà. Lọ́kọ́jà ni mo ń gbé, iṣẹ́ mi ni láti máa tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ kan. Wọ́n fẹ́ gbé ògbólógbòó kan jù nù, mo bẹ̀ wọ́n, mo gbé e wá fún Baba. Kò pẹ́ tí fáírọ́ọ̀sì fi jẹ ẹ́ run, nítorí gbogbo ẹgbẹ́ ìjọ ló ń fi ike ìkófáìlì wọn wá tẹ̀wé níbẹ̀. Mo bá nu gbogbo rẹ̀ kúrò, mo fi Unix, irú ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà, sí i. Unix tí mo fi sí i kò ní àwòrán tí à ń tẹ̀ káàkiri. Ojú dúdú lásán ni, èèyàn á tẹ ọ̀rọ̀, ẹ̀rọ á ṣe ohun tí a ní kó ṣe, á sì tún dákẹ́. Mo rò pé Baba á ní kí n gbé e lọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó tẹ́wọ́ gbà á bí àlejò pàtàkì. Ó ní, "Ẹ̀rọ tó ń dúró kí èèyàn sọ̀rọ̀ tán kó tó ṣiṣẹ́, wọ́n kọ́ ọ nílé."

Mo ṣe àṣẹ kékeré kan fún un, mo pè é ní "eda". Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ, Baba á gbé Akọ̀wé sórí ìjókòó rẹ̀ tó ní wáyà, á tẹ eda, kọ̀ǹpútà á bi í ní ibi tó fẹ́ kó ẹ̀dà sí. Á tẹ orúkọ fódà tí òun fúnra rẹ̀ yàn, èyí tí mi ò bi í rí. Á tẹ bọ́tìnnì, orúkọ àwọn fáìlì á máa gòkè lójú gíláàsì, Baba á máa kà wọ́n sókè bí olùkọ́ tó ń pe rẹ́jísítà kíláàsì. Bó bá parí, á ní "Ṣikẹnan," ìyẹn 'ó parí' ní èdè Hausa tó kó bọ̀ láti Kàdúná, á wá pè mí lórí fóònù. Sátidé kan kò yẹ̀ rí. "Fúnkẹ́, mo ti kó o pamọ́ o. Àní èmi gan-an kì í rí i mọ́."

Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àgbà ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yangàn ni. Lẹ́ẹ̀kan, ó bi mí tìṣọ́ra tìṣọ́ra pé ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀, pé bí òun bá ní kí ẹ̀rọ to orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú ilé rẹ̀, ìyẹn fódà tó jẹ́ tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, òun kì í rí ti Akọ̀wé níbẹ̀. Iṣẹ́ kún ọwọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, ọ̀gá mi dúró sí mi lórí. Mo ní, "Baba, bí ẹ̀rọ bá ti ní òun parí, ó parí nìyẹn." Ó ní ó dáa, kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ yẹn ni mi ò lè dárí rẹ̀ ji ara mi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Mo ní láti sọ ti ìjà àmì náà, torí àìsọ ọ́ kò ní jẹ́ kí ìyókù yéni. Baba kò lè fara mọ́ Yorùbá tí kò ní àmì. Nígbà tí ọkọ obìnrin kan nínú ìjọ wa kú, wọ́n lẹ ìwé ìkéde mọ́ ògiri káàkiri Kàbà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé "OKO MI, SUN RE O." Baba ká a kúrò lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbé e lọ bá ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ó bi í pé ṣé iṣu ni wọ́n fẹ́ sin ni. Ọkùnrin náà ní Baba, gbogbo èèyàn mọ ohun tó túmọ̀ sí. Baba ní tí gbogbo èèyàn bá mọ̀ ọ́n, kí ló wá ń tẹ̀ ẹ́ fún? Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn alàgbà ìjọ. Níwájú gbogbo wọn ni Baba ti sọ pé, "Ẹni tó bá yọ àmì kúrò lábẹ́ ọ, ó ti sọ ọkọ di oko."

Ọ̀rọ̀ Akọ̀wé wá dójú tì í. Ẹ̀rọ náà kò mọ àmì abẹ́ rárá. Baba gbìyànjú, ó fi igi ike náà kan ìsàlẹ̀ o títí, o náà kò yí padà. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan tí kò kọ nǹkan kan sínú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó dá ọgbọ́n tirẹ̀: bí àmì kò bá lè wà lábẹ́, yóò wà níwájú. Ó ń kọ ọmọ báyìí, ".om.o". Ó ń kọ orúkọ tèmi, "Funk.e". Mo ní ojú ń ro mí láti kà á. Ó ní, "Ojú tó ń ro ẹ yẹn, kò ní ṣì ọ́ lọ́nà."

Nítorí náà, ọ̀sẹ̀ kẹta yẹn, mo ra bátìrì tuntun, mo fi sí Akọ̀wé. Ó tan. Inú mi dùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Lẹ́yìn náà ó ní kí n yan ọjọ́, kí n yan ìlú, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́. Kò mọ Baba. Kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa.

Mo bá yí sí kọ̀ǹpútà. Mo dúró de iná títí di ọ̀sán, mo tàn án, ó ń ké kẹ́-kẹ́-kẹ́ nínú bí ẹ̀rọ tó fẹ́ kú lọ́jọ́ náà. Mo ní kó to gbogbo ohun tó wà nínú ilé Baba síta. Ó to lẹ́tà ìjọ jáde, ó to ìwé ìpàdé àwọn àgbà àdúgbò jáde. Ti Akọ̀wé kò sí níbẹ̀. Mo wá a ní ibi gbogbo tí ọgbọ́n mi gbé. Mo wá "akowe", mo wá "eda", mo wá "oriki", mo wá orúkọ gbogbo ọmọ tí Baba bí. Ìyá jókòó lẹ́yìn mi lórí àga rẹ̀. Nígbàkigbà tí mo bá mí kanlẹ̀, á ní, "Okun." Ó ń bá mi kẹ́dùn iṣẹ́ ni, kò mọ ohun tí mo ń wá. Mi ò lè jẹun níwájú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ro bí mo ṣe máa hun oríkì kan láti inú orí mi, kí n kà á bí ẹni pé òun ni. Ìtìjú bá mi, àmọ́ mo rò ó.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ogójì pé nígbà tí ìwé ètò àdúrà dé láti ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, ọkùnrin ìjọ́sí náà ni. Kò sí àmì kankan níbẹ̀. Mo ní kí n máa tún un ṣe lórí fóònù mi kí n sì fi ránṣẹ́ sí i, àmọ́ fóònù mi kò ní ọ alámì. Mo bá ṣe é bí Baba. Mo kọ ọ́ pé kó tún ọ̀rọ̀ kìíní kọ, kí ó jẹ́ ".Oj.o", ọjọ́. Mo wo ohun tí mo kọ. Mo wo àmì tó ṣíwájú gbogbo lẹ́tà. Orí mi wú.

Nínú Unix, orúkọ tó bá fi irú àmì yẹn bẹ̀rẹ̀ kì í hàn. Bí a ṣe ṣe é nìyẹn, gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ mi ló mọ̀ ọ́n, èmi náà ti mọ̀ ọ́n láti ọdún kìíní. Fáìlì bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ bí o bá ní kí ẹ̀rọ to nǹkan síta, á fo ìyẹn dá. Àfi kí o fi lẹ́tà kan kún àṣẹ rẹ kó tó fi hàn ọ́. Mo kọ́ Baba ní ohun gbogbo, mi ò kọ́ ọ ní ìyẹn, torí ta ni yóò fi àmì bẹ̀rẹ̀ orúkọ? Ọmọ Yorùbá tó ń fẹ́ kọ ọ ni.

Mo sáré wọ yàrá. Bí mo ṣe nawọ́ sí kọ̀ǹpútà ni wọ́n mú iná lọ. Mi ò tíì bínú sí iná báyìí rí láyé mi. Jẹnẹrétọ̀ ilé ti kọṣẹ́, mi ò sì fẹ́ fi ti aládùúgbò ba ẹ̀rọ tó ń ké kẹ́-kẹ́ yẹn jẹ́. Mo jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú, mo lọ sùn, mi ò rí oorun sùn. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ kejì, iná dé. Mo tẹ àṣẹ náà pẹ̀lú lẹ́tà tó yẹ. Ó to orúkọ gbogbo, èyí tó ń hàn àti èyí tí kì í hàn. Mo rí i láàárín wọn: ".or.o-iya". Ọ̀rọ̀ Ìyá. Sátidé tó ṣáájú ikú Baba ni ó kẹ́yìn kó nǹkan síbẹ̀. Mo gbé Akọ̀wé sórí ìjókòó rẹ̀, mo ní kí kọ̀ǹpútà dá gbogbo rẹ̀ padà fún un. Àwọn orúkọ fáìlì ń gòkè lójú gíláàsì, mo ń kà wọ́n sókè bíi tirẹ̀. Ẹkún ló ń gbọ̀n mí. Ìyá ní, "Okun." Mi ò mọ èyí tó ń sọ.

Lọ́jọ́ ogójì, lẹ́yìn àdúrà, mo dìde láàárín agbo ilé pẹ̀lú Akọ̀wé lọ́wọ́. Mo ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta. Ìyá wà lórí àga rẹ̀ níwájú, aṣọ dúdú rẹ̀ ti gbó díẹ̀ létí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Okun, ẹni tó ń jí ṣáájú àkùkọ.
Okun, ẹni tó dé Òkè Ọya tó sì mọ̀nà ilé.
Okun, ẹlẹ́nu kan tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ìyá kò rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ ń mì tẹ̀ lé mi. Mo bọ́ sí ìlà tó kàn.

Ọkọ mi etílé, tí mo ń lọ láìwọ bàtà.

Ìyá fi ọwọ́ òsì gbá apá àga. Mo rò pé ẹkún ló gbé e. Mo tún ìlà náà kà, mo là á dáadáa: Ọkọ mi etílé. Ó tún gbá àga. Ojú rẹ̀ le sí mi gan-an. Ó la ẹnu rẹ̀ tó wọ́ sápá kan, gbogbo wa ń retí okun tí a ti mọ̀ fún ọdún méjì.

Ó ní, "Oko."

Mo wo gíláàsì Akọ̀wé. Baba fi àmì síwájú gbogbo ọ tó wà nínú àkọsílẹ̀ náà, kò gbàgbé ẹyọ kan. Níwájú o ìlà yìí, kò sí nǹkan kan. Èmi ni mo fi àmì sí i lẹ́nu ara mi. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá, mo sì tún un kà bí Baba ṣe kọ ọ́.

Oko mi etílé, tí mo ń lọ láìwọ bàtà.

Ìyá gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí apá àga, ó sì fi í júwe sí mi pé kí n máa kà lọ.